Orí Akọ, Ara Abo

Pátákó ni bàbá rẹ̀ ń kùn. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù tuntun ládùúgbò, ọ̀dọ̀ bàbá yìí ló máa kọ́kọ́ yà sí. Aránbàtà á ní kó ya bàtà sí tòun. Onígbàjámọ̀ á ní kó ya orí tí wọ́n gẹ̀ lóríṣiríṣi. Bàbá lè kọ lẹ́tà gàdàgbà-gadagba tí afọ́jú pàápàá fẹ́rẹ̀ẹ́ kà, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kì í dúró jẹ́ẹ́ lórí ohun kékeré, ìyẹn ló fi jẹ́ pé ọmọbìnrin rẹ̀ ló máa ń bá a ya àwọn orí náà. Ọmọ yìí mọ imú tó tẹ́ yàtọ̀ sí imú tó ṣe gọn-ín-gọn-ín kó tó mọ̀wé kà. Wọ́n wá ń pè é ní Ọmọ Onípátákó, orúkọ náà kò sì fi í sílẹ̀ títí irun rẹ̀ fi funfun.

Pátákó ẹnì kan tó ń ta oògùn kòkòrò fáwọn àgbẹ̀ ló sọ ayé rẹ̀ di nǹkan mìíràn. Tata ńlá kan ló yà sí i. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, bó ṣe wà lórí àkàbà tó ń fi ọ̀dà kan ìyẹ́ tata náà, ọkùnrin kan tó wọ awò ojú tó nípọn dúró sísàlẹ̀, ó ń wòkè, ó ń wòkè, títí ara fi bẹ̀rẹ̀ sí í fu ọmọ náà.

"Ta ló kọ́ ẹ láti ya ẹsẹ̀ tata síbẹ̀ yẹn?" ọkùnrin náà bi í.

"Kò sẹ́ni tó kọ́ mi, sà. Mo mú tata kan, mo wò ó ni."

"Gbogbo ẹni tó ń kun pátákó nílùú yìí, ikùn ni wọ́n ń so ẹsẹ̀ tata mọ́. Tìẹ nìkan ni mo rí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà láyà." Ó nu awò ojú rẹ̀. "Ṣé o lè ya agbọ́n?"

"Bí kò bá ti ní ta mí, sà, mo lè yà á."

"Òkú ni."

"Tó bá jẹ́ òkú, ó yá."

Bó ṣe di ayàwòrán ní Ilé Kòkòrò nìyẹn. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ni, ó wà lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́ àwọn àgbẹ̀, àtẹ̀gùn onígi sì ni wọ́n fi ń gòkè. Àwọn àpótí pẹlẹbẹ onígíláàsì kún inú rẹ̀ láti ilẹ̀ dé àjà, kòkòrò sì tò sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lórí píìnì bí ọmọ iléèwé lórí ìlà. Òórùn káńfọ̀ ibẹ̀ kì í fi aṣọ sílẹ̀. Bó bá délé nírọ̀lẹ́, ìyá rẹ̀ á fimú fà á, á ní, "Ìwọ yìí, ṣé inú àpótí aṣọ ni wọ́n ń tì ẹ́ mọ́ látàárọ̀ ni?"

Yàrá tirẹ̀ ní fèrèsé ńlá kan tó kọjú síbi tí oòrùn kì í gbà wọlé tààrà, kí òjìji má bàa tàn án jẹ. Tábìlì kan wà níbẹ̀, àti iná kan tó tẹ ọrùn bí ẹyẹ odò, àti awò onídẹ ńlá tó ń sọ ohun kékeré di ńlá. Láàárọ̀ ọjọ́ tó kọ́kọ́ wọṣẹ́, ọkùnrin awò ojú náà, tí gbogbo ilé ń pè ní Ọ̀gá, gbé agbọ́n kan síwájú rẹ̀.

"Kí lo rí?"

"Agbọ́n, sà."

"Agbọ́n wo?"

Ó ronú. "Agbọ́n tó ń ta èèyàn."

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín músẹ́. "Eléyìí ò ta ẹnikẹ́ni rí láyé ẹ̀. Kò ní ohun tó máa fi ta ni. Akọ ni."

Ẹnu yà á. Níbi tí wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, ohunkóhun tó bá le, akọ ni wọ́n ń pè é. Akọ òkúta, akọ igi, akọ ọ̀rọ̀. Ọ̀gá fa àga jókòó, ó ṣàlàyé fún un pé ohun tí agbọ́n fi ń ta ni, ara ohun tó fi ń yé ẹyin ló ti jáde wá, akọ kì í sì í yé ẹyin. Abo ló ń họ igi gbígbẹ, tó ń jẹ ẹ́ mọ́ itọ́, tó ń fi kọ́ ilé tó dà bíi bébà sábẹ́ òrùlé. Abo ló ń wá oúnjẹ àwọn ọmọ. Bí ìjà bá dé, abo náà ló ń jà. Ti akọ ni pé kó jókòó sórí òdòdó, kó máa retí ìyàwó.

"Bíi bọ̀ọ̀dá mi gan-an nìyẹn, sà," ló sọ, kó tó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti bọ́ lẹ́nu òun.

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ awò ojú. Nígbà tó ṣe, ó ní, "Ó dáa. Báwo la ṣe máa mọ̀ wọ́n yàtọ̀? Má wo ìdí. Ojú lọ̀rọ̀ wà."

Lóòótọ́, ojú lọ̀rọ̀ wà. Ojú akọ mọ́ rokoso, ó ní àwọ̀ yẹ́lò tó ṣì, ó sì tẹ́ pẹrẹsẹ bíi pátákó tí wọn ò tí ì kọ nǹkan sí. Ti abo ṣókùnkùn, ó sì rí ṣóńṣó lọ sísàlẹ̀, bí ojú ẹni tí wọ́n jí lójú oorun. Ìwo tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tó wà lórí wọn náà tún ń sọ̀rọ̀. Ti abo nà gbọnrangandan, ṣùgbọ́n ti akọ gùn jù ú lọ, ẹnu ìwo náà á sì ká kọ́rọ́ bí ọwọ́ agboòrùn.

Akọ àti abo kò fi bẹ́ẹ̀ yọ ọ́ lẹ́nu. Àwọn ẹ̀yà méjì tó ń kọ́lé sábẹ́ òrùlé Ilé Kòkòrò gan-an ló fẹ́rẹ̀ẹ́ dá a lágara. Àwọn méjèèjì dúdú, wọ́n ní ìlà yẹ́lò nínú, ìbàdí wọn tẹ́ẹ́rẹ́ bí okùn, wọ́n sì ń fò bákan náà pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó ń rọ̀ dirodiro. Ẹni tó bá sọ pé ẹ̀yà kan ṣoṣo ni wọ́n kò jẹ̀bi. Ọ̀gá ní ìwo ẹ̀yà kìíní pọ́n láti ìdí dé orí bí ẹ̀yinná, ti èkejì sì dúdú lẹ́yìn. Ó ní abo ẹ̀yà kejì tún ní àbàwọ́n yẹ́lò kékeré kan lẹ́ẹ̀kẹ́. Ọmọ Onípátákó á wò títí, omi á máa bọ́ lójú rẹ̀, kò ní rí nǹkan kan. Orúkọ ńlá-ńlá tí Ọ̀gá ń pè wọ́n kò tún wọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ló bá sọ wọ́n lórúkọ tirẹ̀, ó pe ọ̀kan ní Oníná, ó pe èkejì ní Elẹ́ẹ̀kẹ́. Kò pẹ́ tí Ọ̀gá náà fi ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀.

Àfi bó ṣe di àárọ̀ ọjọ́ kan, tó ń gòkè lórí àtẹ̀gùn onígi yẹn, tí agbọ́n kan fò kọjá níwájú rẹ̀, tí ọkàn rẹ̀ sì sọ pé, "Oníná." Kò tíì ronú rárá. Ó dúró, ó di ọ̀pá àtẹ̀gùn mú. Òmíràn tún kọjá. "Elẹ́ẹ̀kẹ́." Inú rẹ̀ dùn débi pé ó fẹ́ pe ẹnì kan kó wá wò ó, ṣùgbọ́n kí ni ẹni náà fẹ́ wò? Nígbà tó dàgbà tán, tó bá ń rántí àwọn ọjọ́ ayé rẹ̀ tó dára, kì í yọ àárọ̀ yẹn sílẹ̀.

Ẹnì kan tó lè pè náà wà nísàlẹ̀, bó bá jẹ́ pé ó gbọ́n. Ọ̀dọ́kùnrin kan ni, òun ló ń gún kòkòrò ní píìnì, tó ń fi ẹ̀mú kékeré to ẹsẹ̀ àti ìyẹ́ wọn kí wọ́n tó gbẹ. Abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń pè é. Ọwọ́ rẹ̀ rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tó lè tẹ́ ìyẹ́ labalábá láìjẹ́ kí ìyẹ̀fun ara rẹ̀ kan ìka. Òun ló máa ń gbẹ́ pẹ́ńsù fún Ọmọ Onípátákó láràárọ̀, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni ò rán an níṣẹ́. Lọ́sàn-án, ìdí àtẹ̀gùn ni wọ́n jọ máa ń jẹ búrẹ́dì. Ẹ̀rín ibẹ̀ sì ni pé ẹni tó ń gún agbọ́n látàárọ̀ yìí, bó bá gbúròó ààyè agbọ́n, á sá wọlé. Nígbà tó wà lọ́mọdé, orí rẹ̀ kọlu ilé agbọ́n nídìí fèrèsé, wọ́n sì ta á nípéǹpéjú àti létí títí ojú rẹ̀ fi dí. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Kò sẹ́ni tó lè bá a wí.

Lọ́dún kan, iṣẹ́ ńlá dé. Wọ́n fẹ́ ya àwòrán agbọ́n sórí páálí gbàgàdà kan tí wọ́n máa tẹ̀, tí wọ́n sì máa gbé kọ́ sára ògiri àwọn iléèwé. Ọ̀gá rìnrìn àjò ní àkókò náà, ó ní kí Ọmọ Onípátákó máa bá iṣẹ́ lọ. Ibi tó ti ń yẹ àpótí wò láti ṣa èyí tó máa yà ló ti bá ọ̀kan pàdé tó mú kí àyà rẹ̀ já. Ojú rẹ̀ yẹ́lò, ó tẹ́ pẹrẹsẹ. Ìwo rẹ̀ pọ́n, ẹnu ìwo náà sì ká kọ́rọ́. Akọ Oníná ni, kò sí àníàní. Ṣùgbọ́n nígbà tó yí i padà lábẹ́ awò, ó rí oró tó yọ ṣóńṣó nídìí rẹ̀.

Akọ tó ń ta ni!

Kò sùn dáadáa lóru ọjọ́ náà. Ó gbà pé ẹ̀yà kẹta ni òun rí, irú èyí tí Ọ̀gá pàápàá kò rí rí. Ó yà á. Ó yà á débi pé irun ara rẹ̀ ń yọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò lè pa á mọ́ra, ó sọ fún ìyá rẹ̀, ìyá rẹ̀ sọ fún àwọn ará ilé, bàbá rẹ̀ ní tirẹ̀ sì gbé ọ̀dà jáde, ó kọ ọ́ sára pátákó tó wà níwájú ilé wọn gan-an: ILÉ ẸNI TÓ RÍ AGBỌ́N TUNTUN.

Ọ̀gá dé. Ọmọ Onípátákó gbé àwòrán fún un, ó gbé agbọ́n náà fún un, ó sì dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì bí ẹni tí wọ́n fẹ́ fún ní ẹ̀bùn. Abẹ́rẹ́ wà lẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀gá wo inú awò pẹ́. Ó ti búrọ́ọ̀ṣì tínrín kan bọ omi gbígbóná, ó fi kan ọrùn agbọ́n náà díẹ̀díẹ̀. Orí rẹ̀ já bọ́ sórí bébà.

"Gọ́ọ̀mù," ni Ọ̀gá wí. "Orí ẹnì kan ni, ara ẹlòmíràn. Orí akọ Oníná, ara abo Elẹ́ẹ̀kẹ́."

Abẹ́rẹ́ wọlé, ojú rẹ̀ ti pọ́n.

"Èmi ni, sà. Nígbà tá a ń kó àpótí láti ìsàlẹ̀ wá sókè, ọ̀kan bọ́ lọ́wọ́ mi. Orí àwọn kan já. Mo ṣa wọ́n, mo fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ wọ́n. Mo rò pé mo mọ èyí tó ni èwo."

"O rò bẹ́ẹ̀."

"Ẹ má bínú, sà."

Ọ̀gá kò pariwo. Ó ní, "Èmi náà ti ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ rí. Láti òní lọ, orí tó bá já, fi sínú ìgò kékeré, kí o sì gbé e sábẹ́ ara tó o bá a. Bí o ò bá mọ ara tó ni ín, fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Orí tí kò lára sàn ju orí tó ń parọ́ lọ." Ó yíjú sí ayàwòrán rẹ̀. "Àwòrán yìí dára gan-an ni. Ó kàn jẹ́ pé kò séyìí tó rí bẹ́ẹ̀ láyé ni."

Ojú tì í dé àtàǹpàkò ẹsẹ̀. Bó ṣe ń lọ sílé, ó ń ro pátákó tó wà níwájú ilé. Bàbá rẹ̀ bá a nídìí rẹ̀ tó ń sunkún, ó gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó lọ gbé àkàbà wá. Bó ṣe ń fi ọ̀dà funfun pa lẹ́tà rẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan ló ń bi í ní ìbéèrè.

"Ṣé ohun tó wà níwájú ẹ lo yà?"

"Òun ni, bàbá."

"Ṣé o fi tìẹ kún un?"

"Rárá o."

"Kí lo wá ń sunkún sí? Ẹni tó lẹ orí mọ́ ọn ni kó máa sunkún."

"Òun náà ń sunkún."

Búrọ́ọ̀ṣì dúró lọ́wọ́ bàbá. Ó wo ọmọ rẹ̀ látòkè àkàbà. "Ẹn-ẹ́n? Báwo lo ṣe mọ̀?"

Ó fi etí aṣọ bojú. Bàbá rẹ́rìn-ín sínú, ó bá ọ̀dà rẹ̀ lọ.

Bó ti wù kó rí, kò bá Abẹ́rẹ́ sọ̀rọ̀. Ó ń gbẹ́ pẹ́ńsù ara rẹ̀ fúnra rẹ̀, òkè ló sì ti ń jẹ búrẹ́dì tirẹ̀. Abẹ́rẹ́ á kí i, òun á dáhùn bí ẹni ń dá alájọgbé tó ń jẹ ẹ́ lówó lóhùn. Ó ń bá a lọ bẹ́ẹ̀ títí òjò fi dáwọ́ dúró, tí àwọn akọ agbọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í kóra jọ sórí òdòdó tó wà lẹ́yìn táǹkì omi.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó gbọ́ ẹsẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, tó ń gòkè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni tó gbé ẹyin. Abẹ́rẹ́ ni. Ó di ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ pọ̀, ó nà án síwájú, òógùn sì ń ṣàn létí rẹ̀ méjèèjì.

"Kí ló wà lọ́wọ́ ẹ?"

Ó la ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Agbọ́n kan rìn jáde sórí àtàǹpàkò rẹ̀, ó ń gbọn ìyẹ́.

"Mo wo ojú ẹ̀ dáadáa kí n tó mú un," Abẹ́rẹ́ wí. "Mo wo ìwo ẹ̀. Akọ ni."

"Tó bá jẹ́ abo ńkọ́?"

"Ì bá ti dá mi lójú látìdí táǹkì."

Ẹ̀rín fẹ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀, ó gbé e mì. "Ẹ̀yà wo ni?"

Abẹ́rẹ́ gbé ọwọ́ náà súnmọ́ ojú ara rẹ̀, ibi tí wọ́n ti ta á rí. Ó wò ó pẹ́. "Oníná. Ìwo ẹ̀ pọ́n látòkè délẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, mo mọ èyí tó ni èwo."

Ni Ọmọ Onípátákó bá rẹ́rìn-ín, ìbínú ọjọ́ gbogbo yẹn sì bá ẹ̀rín náà lọ. Ó dìde, ó ṣí fèrèsé ńlá náà, agbọ́n fò jáde. Ọwọ́ Abẹ́rẹ́ ṣì nà síbẹ̀ lófìfo. Ó fi ọwọ́ tirẹ̀ lé e.

Wọ́n fẹ́ra wọn, wọ́n bí ọmọbìnrin kan. Páálí àwòrán náà jáde, pẹ̀lú Oníná àti Elẹ́ẹ̀kẹ́, akọ lọ́tọ̀, abo lọ́tọ̀, orí oníkálukú lọ́rùn oníkálukú. Nígbà tí ọmọ wọn wọ iléèwé, ó bá a lára ògiri kíláàsì rẹ̀, ó ní màmá òun ló yà á. Olùkọ́ ní kó jókòó, kó yé parọ́. Ọmọ náà bínú délé, Abẹ́rẹ́ sì rẹ́rìn-ín títí ó fi ń fọwọ́ nu ojú.

Ọdún gorí ọdún. Ọ̀gá fẹ̀yìn tì, ó sì papò dà lẹ́yìn ọdún díẹ̀. Ilé náà dákẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, nítorí òun nìkan ló máa ń bá kòkòrò sọ̀rọ̀ sókè.

Àbàwọ́n yẹ́lò tó wà lẹ́ẹ̀kẹ́ abo Elẹ́ẹ̀kẹ́ ló kọ́kọ́ sọ nù mọ́ Ọmọ Onípátákó lójú. Ó rò pé awò ló dọ̀tí. Ó nù ún, ó tún un nù. Ó gbé agbọ́n mìíràn sí i, kò rí tìyẹn náà. Dókítà ojú ní iṣan tó ń gbé ìríran lọ sínú ọpọlọ ló ń kú díẹ̀díẹ̀, àti pé ohun tó ti lọ kò ní padà. Àwọn èèyàn wá kí i, wọ́n ní bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Ó dá wọn lóhùn pé òun ti sun ún, òun ò sì rí nǹkan kan. Wọn ò mọ̀ bóyá kí àwọn rẹ́rìn-ín ni.

Fún ìgbà díẹ̀, Abẹ́rẹ́ ló ń bá a ríran. Á jókòó sídìí awò, á máa sọ ọ́ fún un. "Ìlà kejì fẹ̀ ju ìkíní lọ. Ó ré díẹ̀ láàárín." Òun náà á máa yà á. Bó ṣe wá di pé ẹnu pẹ́ńsù kò rí ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ mọ́, ó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ fúnra rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan tí ẹnikẹ́ni kò retí rẹ̀. Ó fọ gbogbo búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀, ó fi aṣọ wé wọn, ó gbé wọn fún ọ̀dọ́bìnrin tó máa gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Èyí tó tínrín jù yìí, má fi ṣe nǹkan mìíràn o. Irun ojú nìkan ni kó o máa fi yà."

Wọ́n ti dàgbà gan-an, àwọn méjèèjì, nígbà tí ọmọ wọn mú ìròyìn wá pé wọ́n fẹ́ kó gbogbo àpótí Ilé Kòkòrò lọ sí ibòmíràn tó tóbi jù ú lọ, wọ́n á sì sọ ilé náà di ọ́fíìsì. Abẹ́rẹ́ ní àwọn á lọ wò ó. Lẹ́yìn náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí ohun tó sọ, ó ní, "Mo ní a máa..."

"Mo gbọ́," ìyàwó rẹ̀ wí. "A máa lọ wò ó. Wá bàtà mi fún mi."

Wọ́n dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù, apá wọn kọ́ra. Àwọn alágbàrù ń kó àpótí sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn onígi tó ń ké gan-an ju ti ìgbà kan lọ, Abẹ́rẹ́ sì ń sọ ohun tó ń kọjá.

"Labalábá."

"Àwọn wo?"

"Àwọn aláró. Àwọ̀ wọn ti ṣì díẹ̀."

"Kò ṣì. Ojú tìẹ náà ló ti ń lọ."

"Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Tata rèé. Yànmùyánmú. Ìrẹ̀ rèé." Ó fà á lápá. "Àwọn tìẹ ti ń bọ̀."

Ó na ọwọ́. Alágbàrù tó gbé àpótí náà fẹ́ kọjá, ó wo ojú ìyá àgbà yìí, ó dúró. "Ẹ rọra o, màmá, gíláàsì ni."

"Mo mọ̀, ọmọ mi. Mo mọ̀ ọ́n kí wọ́n tó bí ẹ."

Ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sórí gíláàsì tútù náà, ó sì rí wọn. Ó rí ojú yẹ́lò tó tẹ́ pẹrẹsẹ, ojú dúdú tó rí ṣóńṣó, àwọn ìwo tó pọ́n bí ẹ̀yinná nílà òsì àti àwọn tó dúdú lẹ́yìn nílà ọ̀tún. Wọ́n mọ́lẹ̀ ju bí wọ́n ṣe mọ́lẹ̀ lábẹ́ awò lọ. Nígbà tó gbọ́wọ́ kúrò, ó ní, "Ẹ ṣeun." Alágbàrù náà gbé e wọ inú ọkọ̀.

Ọkọ̀ lọ. Abẹ́rẹ́ bi í bóyá kí àwọn máa lọ sílé, ó ní rárá, òun fẹ́ gòkè. Wọ́n rọra gùn ún. Yàrá rẹ̀ ti ṣófo, ohùn wọn ń dún padà láti ara ògiri, ṣùgbọ́n òórùn káńfọ̀ kò tíì lọ.

"Kí ló kù?"

"Kò ku nǹkan kan," ọkọ rẹ̀ wí. "Ògiri ti pupa rúsúrúsú, àfi ibi tí àpótí wà tẹ́lẹ̀. Ibẹ̀ funfun."

"Tábìlì mi ńkọ́?"

"Wọ́n ti gbé e lọ. Ó dá ihò mẹ́rin sílẹ̀, síbi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró."

Ó ní kó fa òun débẹ̀. Ó fi ẹnu bàtà wá ihò náà kàn, ó dúró láàárín wọn, ó kọjú sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ máa ń gbà wọlé. Abẹ́rẹ́ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó fẹ̀yìn ti ògiri, nítorí kò sí àga. Wọ́n wà bẹ́ẹ̀ títí ẹni tó ń ṣọ́ ilé fi yọjú, kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tó ní, "Bàbá, màmá, ẹ má bínú o. A fẹ́ tilẹ̀kùn."